Àbẹ́là Màríyámọ̀

Akínbíyì tí ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Kétu kì í fi mítà tó ń wọn iná da ara rẹ̀ láàmú. Tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iná dé ìdí túùbù tó ń gbé àwòrán jáde, irin ni yóò nà sí i, tí yóò sì tẹ́tí. Mànàmáná kékeré á fò, ta! Kì í fò ju ìbú ìka kan lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní 2004, gílóòbù ṣọ́ọ̀bù jó. Akínbíyì ra àbẹ́là lọ́dọ̀ Màríyámọ̀, tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ó tàn án sẹ́gbẹ̀ẹ́ túùbù, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tó nawọ́ láti sún àbẹ́là náà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì jìnnà sí túùbù. Àfi gbàù! Mànàmáná gba inú iná àbẹ́là kọjá, ó gbé Akínbíyì ṣánlẹ̀.

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Wùmí ìyàwó rẹ̀ kò nílò ẹlẹ́rìí.

“Daddy Dárasími, obìnrin yẹn ti fi nǹkan sínú candle yẹn!”

Màríyámọ̀ yìí ló pọn Dárasími ọmọ wọn nígbà tí Wùmí wà ní ọsibítù o. Síbẹ̀, nígbà tó fi ẹran Iléyá ránṣẹ́, Wùmí dá a padà. Ojú ti Akínbíyì, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba òun náà.

Wùmí gbé àbẹ́là àdúrà wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, pé kó máa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Akínbíyì wò ó, ó ronú. Níṣojú Wùmí, ó so irin mọ́ igi gígùn, ó nà án sí túùbù, ó fi ìbú ìka méjì sílẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa. Ó tan àbẹ́là ṣọ́ọ̀ṣì sáàárín irin àti túùbù. Iná rẹ̀ tẹ̀, ta! Mànàmáná sáré gba inú rẹ̀. Ó pa àbẹ́là, mànàmáná dákẹ́. Ó tún tàn án, ta!

Ara Akínbíyì bù máṣọ. Afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí, tó ti ń dí mànàmáná lọ́nà láti gbogbo ọdún yìí wá! Ooru iná àbẹ́là bíńtín ló ń fọ́ àwọn ohun tíntìntín inú afẹ́fẹ́ náà, ni ọ̀nà bá là fún mànàmáná. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

“Mummy Dárasími, ta ló fi nǹkan sínú tiyín?”

Wùmí lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, ó kúnlẹ̀.

“Ẹran yẹn ti tán o,” Màríyámọ̀ ní, “àmọ́ ọbẹ̀ ṣì wà. Dìde, lọ gbé abọ́ wá.”