Ilé Tó Ní Táyà

Òórùn méjèèjì ni mo rántí pa pọ̀: òórùn amọ̀ pupa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹsẹ̀ pò mọ́ koríko gbígbẹ, àti òórùn ọ́ìlì dúdú tó ń jò lábẹ́ ọkọ̀. Mi ò mọ ibòmíràn ní Ẹ̀jìgbò tí àwọn méjèèjì ti pàdé rí, àfi lórí ilẹ̀ bàbá mi, lọ́dún tí wọ́n ní ìyá mi kò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀.

Kí n tó sọ bí ọkọ̀ ṣe di ilé, ó yẹ kí n sọ bí ìyá mi ṣe di ẹni tí kò nílé. Òun àti bàbá mi pẹ́ ní Àbíjàn, bíi ti ọ̀pọ̀ ará ìlú wa. Ọ̀hún ni bàbá mi kú sí. Nígbà tí ìyá mi fi máa kó ẹrù rẹ̀ padà wálé, ilé amọ̀ tí bàbá mi mọ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ti wó. Òjò ti sọ ọ́ di òkìtì tí àwọn ewúrẹ́ ń gùn ṣeré, àwọn páànù rẹ̀ sì wà nílẹ̀ nínú koríko. Èmi nìkan ni ọmọ, obìnrin sì ni mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ Mọ́gàjí agboolé wa, pe ìpàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Ó ní ẹ̀ka méjèèjì inú ẹbí kò tíì fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa pín ilẹ̀ náà.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe ní Òṣogbo nígbà yẹn, ìwé kékeré kì í kúrò nínú àpò mi. Mo kọ ọ̀rọ̀ Mọ́gàjí sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́: "Títí a ó fi pín ilẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ́ ìpìlẹ̀ sí i. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ to búlọ́ọ̀kù lé e. Ìyàwó wa, ìwọ ní ìlú tìrẹ. Ọlá tí wọ́n bí ọ sí kò jìnnà. Padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ, kí o lọ sinmi."

Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Mo gbọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ wá gbé mi ní Ọlá. Ta ni mo fẹ́ wí fún lọ́hùn-ún pé mo ti dé?"

Wọ́n gbàdúrà, wọ́n túká. Yàrá kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù télọ̀ àdúgbò ni ìyá mi padà sí, níbi tí télọ̀ náà ti gbà á sí látàánú. Èmi wọ ọkọ̀ Òṣogbo. Mo ṣí ìwé mi, mo ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìpìlẹ̀. Búlọ́ọ̀kù. Kò sẹ́ni tó dárúkọ táyà.

Bọ́ọ̀sì gígùn kan wà ní ọgbà mẹkáníìkì kan lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti kó èèyàn lọ sí Àbíjàn títí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi kú. Ìtàkùn ẹ̀gúsí ti gba ojú fèrèsé rẹ̀ wọlé. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ ẹ, mẹkáníìkì náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni ń ṣe àdúà. "Wálàí, Àǹtí, ẹ bá mi gbé e! Àyè tó gbà lọ́wọ́ mi ti tó. Ẹ fi ṣe ilé adìyẹ, ẹ fi ṣe mọ́sálásí, ohun tó bá wù yín. Kó ṣáà ti kúrò lójú mi."

Ọkọ̀ akẹ́rù kan fi okùn irin fà á dé orí ilẹ̀ wa. Mo fẹ́ kí ojú rẹ̀ kọ sí títì. Ìyá mi, tí kò tíì sọ nǹkan kan láti àárọ̀, dìde. Ó ní, "Ẹ yí i. Òkìtì ọkọ mi ni kó kọjú sí." Mo rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é. Ó dà bíi pé èmi nìkan ni mo gbọ́n lọ́jọ́ yẹn. A yí ọkọ̀.

Nígbà tí mo ní kó wá wo inú rẹ̀, kò gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn rẹ̀ rárá. Bí inú bá ń bí ìyá mi, èdè Faransé tó gbọ́ ní Àbíjàn ló máa ń kọ́kọ́ jáde. "Mé nọ́ọ̀n! Rárá o! Ọkọ̀ ni mo wọ̀ lọ, ọkọ̀ ni mo wọ̀ bọ̀. Ìrìn àjò ni wọ́n ń fi ọkọ̀ ṣe. Èmi ti dé. N kò tún ní wọ ọkọ̀ mọ́ láyé mi." Ó tọ́ka sí ẹnu ilẹ̀kùn. "Ẹsẹ̀ mi kò ní kan ilẹ̀ nínú ibẹ̀ yẹn. Tí mo bá lálejò, ibo ni wọ́n máa jókòó sí? Àbí màá dúró sẹ́nu ọ̀nà máa pe èrò bíi kọ̀ńdọ́kítọ̀?"

Mo lérò pé mo mọ ojútùú rẹ̀. Lójú mi nígbà yẹn, àwọ̀ ni ilé. Mo po amọ̀, mo fi ọwọ́ ara mi kun ọkọ̀ náà yí po. Ó gbẹ, ó pupa, ó wù mí débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Lọ́jọ́ kẹrin, òjò dé. Amọ̀ mi ń ṣàn bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúkọ tó wà lára ọkọ̀ látijọ́ sì ń yọ jáde ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: Ẹ̀JÌGBÒ sí ÀBÍJÀN. Télọ̀ yọrí lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó pariwo pé, "Àǹtí oníròyìn, ilé yín ti ń wẹ̀ o! Ẹ fún un ní kànǹkàn!"

Wọ́n júwe mọlémọlé àgbàlagbà kan fún mi ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ó gun ọ̀kadà wá, ó rìn yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìka kàn án gbà-gbà.

"Ta ló fi amọ̀ kun irin?"

"Èmi ni, Bàbá."

"O kàwé?"

"Mo kàwé, Bàbá."

"Ó hàn."

Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé. Ó ní amọ̀ ń fẹ́ ohun tó máa dì mú, irin sì ń yọ̀ bí ẹja. Ó la ọparun sí wẹ́wẹ́, ó hun ún bí àwọ̀n, ó fi wáyà dì í mọ́ ara ọkọ̀, ó sì fi àyè ìka kan sílẹ̀ láàárín ọparun àti irin. Inú àwọ̀n yẹn ló ń ki amọ̀ sí. Nígbà tó bi wá níbi tí a ti máa wa amọ̀, ìyá mi dáhùn láti orí àpótí tó jókòó lé: "Ẹ wa ti òkìtì ọkọ mi." Ojú mọlémọlé náà tàn. Ó ní amọ̀ ilé àtijọ́ ló dára jù, nítorí ẹsẹ̀ èèyàn ti pò ó rí. Bẹ́ẹ̀ ni ilé bàbá mi ṣe ń dìde díẹ̀díẹ̀ lára ọkọ̀, tí òkìtì rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ níwájú wa, títí ibẹ̀ fi tẹ́jú.

Nítorí àlejò ìyá mi, a ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, àwọn páànù àtijọ́ ni a sì fi bo orí rẹ̀. Mo ti kìlọ̀ pé òpó kankan kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀, kí Mọ́gàjí má baà pè é ní ìpìlẹ̀. Mọlémọlé náà so àwọn òpó mọ́ ọkọ̀ lókè, ó wá gbé ìsàlẹ̀ wọn lé òkúta pẹlẹbẹ. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń ṣe é. "Wọ́n á ní ọjọ́ ogbó ti dà mí lórí rú."

Ilẹ̀ inú ilé ló kù. A ti yọ gbogbo ìjókòó, a da amọ̀ òkìtì sórí pákó ilẹ̀ ọkọ̀, àwọn ìyàwó agboolé wa wá fi igi pẹlẹbẹ lù ú. N kò pè wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Tí wọ́n bá lè lé ìyáálé wa lọ, àwa ló kàn." Lẹ́yìn náà ló gbóhùn sókè: "Ìyáálé, a máa lù ú le, kí awakọ̀ yín má baà gbọ̀n yín sókè sódò!" Nígbà tó gbẹ, wọ́n fi ẹlẹ́bọ́tọ pa á, ìgbẹ́ màlúù tí wọ́n pò mọ́ omi, títí ó fi ń dán.

Ìyá mi bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé, ó dúró láàárín ilé láìwọ bàtà, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ níbí, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún. Ó lọ síwájú, ó fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ kọ́ sára sítíárìn tí mẹkáníìkì ti ní a kò gbọdọ̀ yọ. Ó wá yíjú sí mi. "Ibo ni àmù mi máa wà?"

Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ tí Mọ́gàjí dé pẹ̀lú àgbà méjì. Ó fi ọwọ́ pa ògiri.

"Mo ní kẹ́nikẹ́ni má kọ́lé."

"Bàbá, ọkọ̀ ni."

"Ọkọ̀ tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀?"

"Ọkọ̀ tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, Bàbá." Mo yọ ìwé mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un. Mo gbé aṣọ ráfíà, èyí tí wọ́n fi ìkó hun, tí a fi bo ẹsẹ̀ ọkọ̀ sókè, kó lè rí táyà.

Ó wò mí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí kò jọ ti ìfẹ́. "Ìwé lo fi ń bá mi jà. Ó dáa. Ọkọ̀ a máa rìn. Tí a bá ti kírun Jímọ̀ọ̀ tán, kí ó rìn lójú wa. Tó bá rìn, ọkọ̀ ni, kí ó máa wà níbẹ̀. Tí kò bá rìn, ilé ni. A ó wó o, ìyá rẹ á sì lọ sí Ọlá."

Mẹkáníìkì ra wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó ń mi orí. "Àǹtí, gbogbo Ẹ̀jìgbò lẹ kó sínú ọkọ̀ yìí." Táyà méjì ti jókòó sílẹ̀ pátápátá. Ó ní kí a kó amọ̀ ilẹ̀ inú rẹ̀ dànù, kó lè fúyẹ́. Ìyá mi kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Tẹ́ ẹ bá kó ilẹ̀ mi jáde, kí ni kí n dúró lé?" Ni a bá fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, a pààrọ̀ túùbù, a fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan títí apá wa fi fẹ́ já. Mẹkáníìkì rọ gíríìsì sí gbogbo ibi tó yẹ kó yí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n bọ́ láti mọ́sálásí wá síbẹ̀ tààrà. Àwọn mẹkáníìkì, àwọn awakọ̀, mọlémọlé wa, télọ̀ tó ṣì gbé téèpù kọ́rùn, àwọn ìyàwó ilé. Mo wọlé, mo bẹ ìyá mi.

"Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ti ní ẹ ò ní wọ ọkọ̀ mọ́."

"Ta ló wà nínú ọkọ̀? Ilé mi ni mo wà. Ẹ tì í."

Mo dúpẹ́ pé Mọ́gàjí kò gbọ́ ọ. Òun ń nawọ́ sí ọ̀nà títì, ó ní síbẹ̀ ni kí wọ́n tì í. Ohùn ìyá mi jáde láti ojú fèrèsé kékeré: "Bàbá, ọkọ̀ wo ló ń fi ẹ̀yìn rìn? Iwájú ni ọkọ̀ ń lọ."

Gbogbo wa wo iwájú ọkọ̀. Ibi tí ilé bàbá mi wà tẹ́lẹ̀ ni, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí òkìtì mọ́. Ìgbà yẹn ni ìdí tí ìyá mi fi ní kí a yí ọkọ̀ tó yé èmi tí mo kàwé. Télọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Mọlémọlé fi ẹsẹ̀ gbá àwọn òkúta kúrò lábẹ́ òpó, àwọn òpó sì ń mì lófuurufú. Wọ́n tì í, kò mira. Wọ́n tún tì í, irin ké, ó mì tìtì, ó padà sẹ́yìn. Mẹkáníìkì pariwo pé, "Bísímílà!" Àwọn ìyàwó ilé ju ìborùn sílẹ̀, wọ́n fi èjìká wọn kún ti àwọn ọkùnrin. Èmi náà fi èjìká mi sí i. Ó mira. Ó rìn. Mo gbọ́ tí omi ń dún gbọ̀ngbọ̀n nínú àmù, mo gbọ́ tí ìyá mi ń ka orúkọ Ọlọ́run. Amọ̀ kan já bọ́ lára ògiri, lẹ́tà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn orúkọ Àbíjàn sì yọ síta. Ìgbésẹ̀ bíi méjìlá, ọkọ̀ dúró lórí ibi tí yàrá iwájú bàbá mi wà.

Mọ́gàjí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ojú ipa táyà. Ó dìde. "Ó rìn," ló wí. Kò sẹ́ni tó tíì hó tí ó fi sọ pé, "Ẹ dá a padà sáyè rẹ̀."

Ìyá mi ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún un bó ṣe yẹ. Ó ní, "Ó ti dé, Bàbá."

Títí di òní, ẹbí kò tíì pín ilẹ̀ náà, ọkọ̀ kò sì kúrò níbi tó dúró sí lọ́jọ́ yẹn. Ìyá mi ṣì ń gbé ibẹ̀. Ó máa ń tún ògiri rẹ̀ rẹ́ lọ́dọọdún bí ọyẹ́ bá ti lọ, àfi ibi lẹ́tà mẹ́ta yẹn. Ó ní ká fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa wòran. Mọ́gàjí ti darúgbó gan-an. Bí ó bá ń ti mọ́sálásí bọ̀, a máa yà jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a máa mu omi àmù, ṣùgbọ́n kò pe ibẹ̀ nílé rí. "Ẹ kú ìjókòó ọkọ̀ o," ló máa ń wí, ìyá mi á sì dáhùn pé, "Ẹ káàbọ̀ sílé, Bàbá."

Pọ́ǹpù ọwọ́ yẹn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbálẹ̀. Kò sí ìgbà tí mo lọ sílé tí n kì í gbé aṣọ ráfíà sókè, kí n fẹ́ táyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi á dúró lókè mi, á ní, "Ṣé wọ́n le?" Màá fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n. Màá ní, "Wọ́n le, Màmá." Á mú ìgbálẹ̀ rẹ̀, á padà lọ gbálẹ̀.