Igi Ìbọn Hobert àti Ihò Ara Bẹ́ẹ̀dì

Ọjọ́ Ìsinmi kan ní oṣù Kẹjọ ni Verlie Stiltner ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tó wọ yàrá láti bọ́ bàtà, tó sì rí i pé bẹ́ẹ̀dì òun ti lu. Kò ṣẹ́, ikán kò sì jẹ ẹ́. Pákó tó dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà, pákó wọ́nọ́ọ̀tì dúdú tó nípọn dáadáa, tí bàbá ìyá Verlie fi ọwọ́ ara rẹ̀ là, ni ihò wà láàárín rẹ̀ gbàgà. Ihò náà gùn, ó fẹ̀ ní ìdí, ó tẹ̀ níbì kan, ó sì wá tín-ín-rín lọ síwájú. Ọmọ ọdún márùn-ún tó bá rí i á sọ pé ìbọn ni.

"Hobert!"

Ọkọ rẹ̀ dáhùn láti ẹ̀yìn ilé, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ ẹni tó ti ń retí ìpè náà láti àárọ̀.

"Mo ń bọ̀, Verlie."

"Níbo ni bẹ́ẹ̀dì ìyá mi wà?"

"Ó wà níwájú ẹ níbẹ̀. Àbí o ò rí i ni?"

"Mo ní, níbo ni àárín ẹ̀ wà?"

Hobert yọjú sí ẹnu ọ̀nà. Lẹ́búlẹ́bú igi bo irùngbọ̀n rẹ̀. Ó wo ihò náà, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó tún wo ihò náà. "Ọdún mọ́kànlélógún la ti ń sùn síbẹ̀," ló wí, "mi ò rí ọjọ́ kan tí o lo ibi yẹn."

Gbogbo àfonífojì Laurel Lick ló mọ ìtàn yìí. Títí dòní tí Hobert ti wà nínú ilẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ bẹ́ẹ̀dì Verlie, ẹ̀rín ni wọ́n á kọ́kọ́ rín. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sọ ohun tó ṣáájú ihò, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n á rò pé orí ọkùnrin náà ti dàrú ni. Orí rẹ̀ pé. Ọrùn rẹ̀ ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Ọrùn Hobert gùn. Kò sí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tó ń dé ibi tó yẹ kó dé lára rẹ̀. Ìbọn tó sì ń lò, ìbọn kékeré tí wọ́n ń pè ní tuẹ́ńtì-tú, èyí tí gbogbo wọn fi ń pa ọ̀kẹ́rẹ́, kúkúrú ni wọ́n ṣe igi ìdí rẹ̀. Irin rẹ̀ dára, ọta rẹ̀ kì í tàsé, ṣùgbọ́n igi tí à ń fi ti èjìká, tí à ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé, kò gùn tó fún ọmọ ọdún méjìlá pàápàá. Bí Hobert bá gbé e sí èjìká, àfi kó ká ọrùn mọ́ra bí adìyẹ tó fẹ́ sùn. Kí ó tó ká a tán, ọ̀kẹ́rẹ́ á ti jẹun yó, á sì ti lọ sílé.

"Bọ̀dá Hobert, ẹ ra igi tuntun fún un," ni Orbin, àbúrò Verlie, máa ń wí fún un. "Mo rí ọ̀kan nínú ìwé ọjà. Ọgọ́sàn-án dọ́là ni."

"Ọgọ́sàn-án? Ogójì ni mo ra ìbọn gan-an! Ta ló ń ra fìlà ọgọ́sàn-án fún orí ogójì?"

"Ẹ̀yin náà, èló lẹ fẹ́ ná?"

"Ogún. Kò sì ní lé sẹ́ǹtì kan."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ sì ti tán. Ẹni tó bá mọ Hobert mọ̀ pé iye tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde kì í padà sẹ́nu.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe kò ná an ní nǹkan kan. Ó mú kàn-ìn-kàn-ìn tí Verlie fi ń fọ abọ́, ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́ sórí igi ìbọn kó lè gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun sókè. Ó yọ àtẹ́lẹ̀sẹ̀ bàtà rẹ̀ àtijọ́, ó kàn án mọ́ ìdí ìbọn kó lè gùn sí i. Kò dùn ún wò, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, òjò rọ̀ lórí òkè. Hobert gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, ó ń wo ọ̀kẹ́rẹ́ kan tó sanra, bẹ́ẹ̀ ni kàn-ìn-kàn-ìn tó ti mumi yó pọ ìfófòó ọṣẹ sí i lójú. Igbe tó ké lé gbogbo ọ̀kẹ́rẹ́ orí òkè náà lọ. Orbin, tó jókòó sídìí igi kejì, búra pé ọ̀kan dúró, ó yíjú padà wò wọ́n.

Hobert dé ilé pẹ̀lú ojú kan tó pọ́n kankan. Verlie wò ó títí.

"Ó dáa," ló wí. "Ìdajì ojú ẹ ti mọ́. Ìgbà wo lo máa fọ ìyókù?"

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n lọ sí ọjà àlòkù lọ́jọ́ Sátidé, Hobert àti Orbin. Ọkùnrin kan tó wọ fìlà pupa tẹ́ igi ìbọn kan sórí tábìlì, ó gùn, ó dán, ó bá ìbọn Hobert mu pẹ́kípẹ́kí. Ó ní ọgọ́rin dọ́là. Hobert ní méjìlá. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Hobert kò rẹ́rìn-ín.

Ó lọ, ó bọ̀. Ó ra ìgò omi kan, ó mu ún níwájú ọkùnrin náà, ó tún lọ. Nígbà tí oòrùn dé àárín orí, wọ́n ti wà ní márùnlélógójì. Nígbà tí àwọn tó kù ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, onífìlà pupa ju ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ogún! Ogún náà, gbé e lọ! Ọlọ́run ló rán ẹ sí mi!"

Orbin ti na ọwọ́ láti gbé e. Hobert dá a dúró. Ó gbé igi náà sókè, ó yí i, ó fi ìka kàn án, ó sì rọra gbé e padà sórí tábìlì.

"Kí ló ṣe é?"

"Kí ló ṣe kí ni? Kò sí nǹkan kan tó ṣe é!"

"Ohun tó wà ní ọgọ́rin láàárọ̀ tó di ogún lọ́sàn-án, àìsàn ń bẹ lára ẹ̀. Ó dìgbà."

Orbin kùn títí wọ́n fi délé. Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ Ìsinmi tí à ń wí. Hobert ní ẹ̀yìn ń dun òun, òun kò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn ń dun Orbin náà. Hobert ló fa ayùn, Orbin ló di pákó mú, ó sì ti búra pé àṣírí ìyẹn á bá òun wọ ibojì.

Ẹkún kọ́ ni Verlie sun lórí ọ̀rọ̀ náà, pásítọ̀ ló ránṣẹ́ pè. Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n ti bí òun àti Orbin. Ó fẹ́ kí ènìyàn Ọlọ́run kan wá sọ fún Hobert pé ohun tó ṣe kò dára. Pásítọ̀ Lovell dé lọ́jọ́ Ajé. Ó kúnlẹ̀ níwájú ihò náà, ó mi orí. Ó ní kí Hobert gbé igi tó gé wá. Hobert ti gbẹ́ ẹ, ó ti fi bébà oníyanrìn dán an, ó ti fi òróró pa á, ó ń kọ mọ̀nà. Pásítọ̀ gbé e sí èjìká, ó di ojú kan.

"Ó mà dọ́gba o," ló wí.

"Pásítọ̀! Ẹ̀yìn ta lẹ wà?"

Verlie rí i pé bí òun kò bá dá ẹjọ́ náà fúnra òun, kò sí ẹni tó máa dá a. Ó ní igi yẹn, tòun ni. Ó ní Hobert lè yá a. Bí ìjọba bá ṣí àkókò ọdẹ ọ̀kẹ́rẹ́, Sátidé kejì nínú oṣù Kẹsàn-án, kó mú un lọ. Bí ọdẹ bá parí ní òpin oṣù Kejì, igi gbọ́dọ̀ padà sínú ihò. "Lọ́jọ́ tí o bá sì kú," ló wí, "màá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Kò tún ní jáde mọ́ láéláé."

Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù Kejì, Hobert á tú síkírù, á nu igi náà, á sì tì í padà sínú bẹ́ẹ̀dì. Nítorí pé ó ti gbẹ́ ẹ tinrin, ó máa ń mì, ó sì wá ń fi àkísà ṣẹ́ẹ̀tì pupa rẹ̀ kan wé e kó lè há. Ó kan igi wẹ́wẹ́ méjì mọ́ ọn tí à ń yí bíi kọ́kọ́rọ́ kó má baà já bọ́. Irin ìbọn nìkan á wá wà lára ògiri ní ìhòòhò títí di oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tí igi bá sì jáde, atẹ́gùn ojú fèrèsé á gba inú ihò wọlé tààrà.

"Hobert, ẹsẹ̀ mi tutù."

"Ọbẹ̀ ọ̀kẹ́rẹ́ á mú un gbóná."

Hobert á sì dìde, á ká aṣọ ìbora lé ihò náà. Lọ́dọọdún ni obìnrin yìí ń sọ ọ́, lọ́dọọdún ni ọkùnrin yìí ń dá a lóhùn bákan náà.

Hobert gbéra ga lórí igi yẹn ju bó ti yẹ lọ. Ó fi gba itan ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta níbi ìdíje ìbọn yíyìn ilé àwọn panápaná. Ọkùnrin kan tó ti ìlú ńlá wá, tí ìbọn rẹ̀ tó owó mọ́tò, bi í léèrè irú igi tó jẹ́. "Bẹ́ẹ̀dì ìyá ìyàwó mi ni," ni Hobert dá a lóhùn. Bí ó bá sì ń ka iye tó ná fún àlejò, síkírù, òróró, bébà, ó máa ń fi ìka lu tábìlì: "Dọ́là mọ́kànlá. Mọ́kànlá péré!"

"Àti bẹ́ẹ̀dì kan," ni Verlie á fi kún un láti ilé ìdáná.

Ọdún méjì kó tó kú, ó lọ ná pósí ara rẹ̀. Ẹni tó ń tà á fi ọ̀kan tó ń dán hàn án, ó ní wọ́nọ́ọ̀tì gidi ni. Hobert fi ìka kàn án, ó tẹ́tí sí i, ó sì bínú. "Igi ìbọn mẹ́fà ló wà nínú èyí," ló wí. "Ẹ sì fẹ́ rì í mọ́lẹ̀? Ẹ fi pákó páìnì olówó pọ́ọ́kú sin mí."

Páìnì náà ni Verlie fi sin ín. Oṣù Kẹrin ló kú, lórí àga rẹ̀ níwájú ilé, ife kọfí dúró lọ́wọ́ rẹ̀ láìdà. Orbin ní Hobert kò lè dà á, owó ara rẹ̀ ló fi ra kọfí náà.

Igi ìbọn wà nínú bẹ́ẹ̀dì nígbà yẹn. Ó wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà ooru, bẹ́ẹ̀dì pé, bó ti wà nígbà ayé ìyá Verlie. Ó wá ku ọ̀la kí wọ́n ṣí ọdẹ, Verlie pe Orbin. Ìgò gọ́ọ̀mù káfíńtà ti wà lórí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Orbin wí, "ṣé ó dá yín lójú?"

"Mo ti sọ ọ́ fún un nígbà tó wà láyé. Mi ò lè máa halẹ̀ mọ́ òkú lásán."

Orbin tẹ̀ lé e wọ yàrá. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó yí àwọn igi wẹ́wẹ́ náà, ó fa igi ìbọn jáde láti fi gọ́ọ̀mù sí i, àkísà pupa sì já bọ́ sílẹ̀. Verlie bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó fún un mọ́ ọwọ́.

"Gbé e wá," ló wí.

Kò gbé e sí èjìká rí láti ọdún mẹ́rìnlá. Ó gbé e síbẹ̀ báyìí, láìsí irin lórí rẹ̀, ó dojú kọ kọ́tìnì fèrèsé. Ó gùn jù fún un. Apá rẹ̀ kò tó o. Ibì kan wà lórí igi náà tó ti dán yàtọ̀ sí ìyókù, ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Hobert ti ń lé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Verlie kò sì lè dé ibẹ̀. Ó na ọrùn. Kò débẹ̀. Ó tún na ọrùn sí i.

"Orbin," ló wí, "ọrùn ẹ̀ rèé. Wò ó. Ọrùn Hobert rèé."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún, kò sì fi pa mọ́. Àárò ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ gan-an. Orbin gbé ìgò náà lọ́wọ́.

"Ṣé kí n ṣí gọ́ọ̀mù ni?" ló bi í.

"Ṣé o ò tíì ṣí i?"

"N ò tíì ṣí i, mà."

"Dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù. Dọ́là méje ni. Hobert ò ní sinmi." Ó nu ojú, ó na igi náà sí i. "Lọ gbé irin yẹn wálẹ̀ lára ògiri kí o dè é. Ọ̀la ni wọ́n ń ṣí ọdẹ."

"Èmi? Ẹ̀gbọ́n mi, ó máa gùn jù fún mi."

"Na ọrùn. Kí o sì dá a padà sínú bẹ́ẹ̀dì mi tí oṣù Kejì bá parí. O mọ̀ ọ́n tú. Ìwọ náà lo di pákó mú lọ́jọ́sí."

Ẹnu Orbin là sílẹ̀. "Ta ló sọ fún yín?"

"Lẹ́búlẹ́bú igi wà létí ẹ nígbà tí o jókòó jẹun nílé mi lọ́jọ́ náà. Mo ń retí kí o wá sọ fúnra ẹ. Ọdún mẹ́rìnlá!"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Verlie jí, ilẹ̀ sì ti mọ́. Fèrèsé wà ní ṣíṣí. Atẹ́gùn gba inú ihò wọlé, ó bà lé e lẹ́sẹ̀, Verlie kò sì fa aṣọ bò ó. Ìbọn kékeré kan dún lókè, táú, ẹ̀ẹ̀kan péré.

"Hobert," ló wí, "ẹsẹ̀ mi tutù."

Ó dúró díẹ̀, bó ti máa ń dúró. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ sí ilé ìdáná, ó sì gbé páànù ọbẹ̀ kaná.