Ọkọ̀ Ọlọ́pàá Tí Adéyẹmọ Rà ní Gbàǹjo

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí Adéyẹmọ ṣe dá wà tó ní Mesquite, ẹ bi í pé ta ló bá sọ̀rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Yóò rò ó títí, yóò sì dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo: Bọ̀dá Láyíwọlá. Ìyàwó rẹ̀, Bọ́sẹ̀, ti kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ọpẹ́olúwa, ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Plano. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí bàbá rẹ̀ bá pè é, á ní òun wà nínú ìpàdé, ìpàdé ọ̀hún kì í sì í parí. Ní ilé ìkẹ́rùsí tí Adéyẹmọ ti ń ṣiṣẹ́ ní Farmers Branch, ẹ̀rọ ló ń bá a sọ̀rọ̀: á sọ ibi tí àpótí kan wà fún un, á ní kó lọ gbé e wá. Ẹ̀rọ ò sì lè bi èèyàn bóyá ó sùn dáadáa.

Bọ̀dá Láyíwọlá ló ń bi í. Láti ọjọ́ tí jíà mọ́tò Adéyẹmọ ti bàjẹ́, tí mẹkáníìkì sọ fún un pé kó má wulẹ̀ náwó sí i mọ́, ni àgbà ọkùnrin yìí ti ń yà gbé e láràárọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ò jìnnà síbẹ̀, àwọn ọ́fíìsì ló ń tọ́jú, ó ń gbálẹ̀, ó ń nu gíláàsì. Á dé iwájú ilé, á fun fèrè lẹ́ẹ̀kan péré, Adéyẹmọ á jáde, á tẹríba lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò, á ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," ó di kí wọ́n máa lọ. Nínú Tòyótà àtijọ́ yẹn ni wọ́n ti ń jiyàn nípa bọ́ọ̀lù, nípa ìwàásù pásítọ̀, nípa bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń tà níbí lè dùn tó ti ilé láéláé. Lọ́jọ́ Sunday, òun náà ló ń gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn àgbà ní èèyàn laṣọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, inú Tòyótà yẹn nìkan ni Adéyẹmọ ti ń rí aṣọ wọ̀.

Ṣùgbọ́n ojú Bọ̀dá Láyíwọlá ti ń ṣe bàìbàì. Kò sọ ọ́ o, Adéyẹmọ ló ń kíyè sí i. Bí wọ́n bá ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí fíríwè, á ní, "Adéyẹmọ, bá mi ka pátákó yẹn." Ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó kó ẹyin sẹ́yìn mọ́tò. Iná ò tíì pọ́n tán tí yóò ti dúró, tí àwọn ará ẹ̀yìn á máa fun fèrè mọ́ ọn. Bó bá sì rí iná ọlọ́pàá tó ń ṣẹ́jú níwájú, ọ̀nà mìíràn ni yóò yà sí, á ní iná yẹn ń ta òun lójú. Adéyẹmọ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó lọ rí dókítà ojú. Ó ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ dé, ó tún kọjá, Bọ̀dá Láyíwọlá ò lọ.

Ẹ̀rù wá ń ba Adéyẹmọ. Kì í ṣe ẹ̀rù ìjàǹbá o. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé lọ́jọ́ kan, àgbà yìí á sọ pé òun ò lè wakọ̀ mọ́, bó bá sì ti rí bẹ́ẹ̀, kálukú á jókòó sí yàrá rẹ̀, ó parí nìyẹn. Ó wá pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun lóun máa ra mọ́tò, òun lóun á máa gbé Bọ̀dá Láyíwọlá kiri. Ẹni tó ti gbé òun láti ọjọ́ yìí, ó yẹ kí òun náà gbé e.

Jibril, ọmọ Kánò tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló ta á lólobó. Ó ní ìlú kan nítòsí máa ń lu àwọn ọkọ̀ ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ní gbàǹjo. Ó ní àwọn ọkọ̀ náà ti dàgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì wọn lásìkò, ẹ́ńjìnnì wọn sì le ju ti ọ̀pọ̀ mọ́tò tí àwọn oníṣòwò ń kùn lọ́dà tàn wá jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ báyìí, kí ẹ má baà sọ pé mo fi pa mọ́ fún yín. Adéyẹmọ ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, bí wọ́n bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ, ọmọ inú ilé gan-an ò ní gbọ́ títí yóò fi gúnlẹ̀ sí pálọ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwa náà kúkú mọ àṣà yìí. Oyún ni o, ilé ni o, físà ni o, a kì í là á lẹ́nu. Àwọn èèyàn á kàn rí i lọ́wọ́ wa ni, wọ́n á ní, "Háà, ẹ ò tiẹ̀ sọ fún wa." Ìyẹn gan-an sì ni adùn rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí Adéyẹmọ sọ fún Bọ̀dá Láyíwọlá ní ọjọ́ Friday kò ju gbólóhùn kan lọ: pé kó má yà gbé òun lọ́jọ́ Sunday, òun ní ibi kan tí òun ń lọ. Àgbà náà wò ó. Ó ní kò burú. Wọn ò jiyàn kankan títí wọ́n fi dé ilé. Adéyẹmọ rí i pé ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń pa á nínú, ó ní ẹ jẹ́ kó di Sunday ná.

Lọ́jọ́ kejì, Saturday, Adéyẹmọ lọ síbi gbàǹjo náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbòòrò, oòrùn Texas sì ń ta lórí irin. Wọ́n to àwọn ọkọ̀ sí ìlà. Wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni wà wọ́n wò. O lè ṣíná sí i, o lè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, bó ṣe wà yẹn náà lo máa rà á. Àwọn mìíràn dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ mọ́tò tàwọn ti tọ́ọ̀ṣì. Adéyẹmọ yan Fọ́ọ̀dù kan tó ga níwọ̀n, tí orúnkún àgbàlagbà ò ní wàhálà kó tó wọlé. Ó wo ọ́ìlì, ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà ó yí lọ sí apá kejì, ó jókòó sí ìjókòó èrò níwájú, kì í ṣe ti awakọ̀. Ó fà á sẹ́yìn, ó tì í síwájú, ó na ẹsẹ̀. Ó ní ibí yìí á gba Bọ̀dá Láyíwọlá dáadáa.

Nígbà tó kan ọkọ̀ yẹn, ẹni tó ń pe iye ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀, Adéyẹmọ ò gbọ́ ìdajì. Ó kàn na káàdì nọ́ńbà tí wọ́n fún un sókè, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ra ọkọ̀ fún takisí bá a dù ú díẹ̀, ó ju ọwọ́ sílẹ̀, ó kọjá lọ. Káàdì Adéyẹmọ ṣì wà lókè. Wọ́n ní kó gbé ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ ti di tirẹ̀.

Ọkọ̀ náà dúdú, àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀ funfun. Wọ́n ti ṣí àkọlé ọlọ́pàá kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ràn án, èèyàn ṣì lè rí ojú ibi tí lẹ́tà wà. Wọ́n ti yọ iná orí rẹ̀, wọ́n fi rọ́bà dí ihò rẹ̀. Irin ńlá tó wà níwájú rẹ̀ ṣì wà, iná gbọ̀ǹgbọ̀ tí awakọ̀ lè fọwọ́ yí kiri náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Adéyẹmọ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kun mọ́tò lọ́dà, onítọ̀hún ní ó di Thursday kí òun tó ráyè. Ọ̀la ló sì jẹ́ Sunday ìdúpẹ́, tí pásítọ̀ máa ń jáde síta wá gbàdúrà sí ọkọ̀ tuntun, tí yóò ta òróró sí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Adéyẹmọ ò lè dúró de òmíràn. Ọwọ́ kúkú ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Ọpẹ́olúwa dáhùn kíákíá, ohun tí kì í ṣe: "Daddy, that's literally a cop car. Please paint it first." Bàbá rẹ̀ ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí, gbogbo nǹkan ló ń bà wọ́n lẹ́rù.

Bọ̀dá Láyíwọlá gba yàrá kan nílé Bridget, nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú ọjọ́ ṣú ní àárọ̀ Sunday yẹn. Bridget ò tíì dé láti ibi iṣẹ́. Adéyẹmọ wọ bùbá funfun, ó fi ọkọ̀ dábùú ẹnu ọ̀nà, ó fun fèrè lẹ́ẹ̀kan. Kò sẹ́ni tó jáde. Eré wá wọ̀ ọ́ lára. Ó tan iná gbọ̀ǹgbọ̀ yẹn, ó yí i sí fèrèsé yàrá àgbà náà, ó ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀. Aṣọ fèrèsé mì díẹ̀, ó dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn. Ó tún un kàn. Tòyótà wà níbẹ̀, ẹni tó ni ín ò dáhùn. Adéyẹmọ ní inú ń bí i sí òun ni, nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Friday, yóò ti bá ẹlòmíràn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Kò bá a ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbàdúrà sí ọkọ̀, wọ́n ta òróró sí i, àwọn èèyàn ní, "Háà, ẹ ò tiẹ̀ sọ fún wa." Ó jó díẹ̀. Àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀gá ọlọ́pàá dé. Ìjókòó iwájú ṣófo, ojú rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀. Adùn tó ń retí ò wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Bridget wá sílé Adéyẹmọ, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dúró wo ọkọ̀ tó wà níta kó tó wọlé. Ó ní Daddy Láyíwọlá pe òun láti ojú ọ̀nà. Bàbá náà ní ọlọ́pàá wá mú òun láàárọ̀, wọ́n tan iná sí fèrèsé òun, wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn. Ó ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde, ó fo fẹ́ǹsì tòun ti sálúbàtà, ẹnì kan sì ń gbé e lọ sí Houston.

Adéyẹmọ béèrè ohun tí ọlọ́pàá fẹ́ fi àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ ṣe.

"Kò ní ìwé ìgbélùú, sà," Bridget dáhùn. "It's been so many years. Mo rò pé ẹ mọ̀."

Kò mọ̀. Gbogbo ohun tó rí pátá, ojú tí kò ríran dáadáa ló kà á sí. Ìrìn jẹ́jẹ́ yẹn, iná tí kò tíì pọ́n tó ti ń dúró, ọ̀nà tó ń yà sí nígbà tí ọlọ́pàá bá wà níwájú, dókítà tí kò fẹ́ lọ rí kí wọ́n má baà béèrè káàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni pé ojú àgbà náà ń ṣe bàìbàì, òun náà ni kò jẹ́ kó rí i pé kò sí àkọlé lára ọkọ̀ mọ́, pé Adéyẹmọ ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Wọ́n ti jọ jókòó nínú mọ́tò kan láti ọjọ́ pípẹ́, àṣírí kálukú sì wà lọ́dọ̀ kálukú. Bridget lọ tán, Adéyẹmọ jókòó sórí àga, ó sunkún. Kò sunkún tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí Bọ́sẹ̀ ti kú.

Ó pe nọ́ńbà Bọ̀dá Láyíwọlá títí, kò wọlé. Ó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Lórí fíríwè, gbogbo ọkọ̀ tó bá sún mọ́ ọn ló ń rọra dẹ ẹsẹ̀, wọ́n á fà sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọjá rẹ̀. Òun nìkan ni yóò wà láàárín ọ̀nà gbòòrò yẹn láti Mesquite títí dé Farmers Branch, kò sì sí ẹni tí yóò bá jiyàn.

Ìgbà tó yá, nọ́ńbà kan tí kò mọ̀ pè é.

"Adéyẹmọ."

"Bọ̀dá mi, èmi ni o. Èmi ni mo wà nínú ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ Sunday. Mo fẹ́ gbé yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni, sà."

Àgbà náà bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi di ikọ́. Nígbà tí ikọ́ náà rọlẹ̀, ó bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún òun. Adéyẹmọ ní kó dárí ji òun. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ńkọ́, sà? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Adéyẹmọ ní òun á wá gbé e padà. Àgbà náà ní rárá o. Ó ní òun wà lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n òun, àwọn méjì mìíràn tí wọn ò ní ìwé wà níbẹ̀, òun ti rí iṣẹ́ tí kò gba pé kí òun wakọ̀. Ó ní bí ilẹ̀kùn bá ti dún báyìí, òun á ti nàró. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ó ní kí Bridget bá òun ta Tòyótà.

"Ṣé kí n máa wá kí yín nígbà mìíràn, sà?" Adéyẹmọ béèrè. "Mo kúkú ti ní mọ́tò báyìí."

"Wá. Mo fẹ́ rí ọ gan-an." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n Adéyẹmọ, má gbé nǹkan yẹn wá síbí."

"Màá kùn ún, sà. Àwọ̀ mìíràn pátápátá."

"Bó o kùn ún, ìrísí rẹ̀ ò ní yí padà. Wọ bọ́ọ̀sì wá, jọ̀ọ́."

Lọ́jọ́ Saturday, Adéyẹmọ wa ọkọ̀ rẹ̀ dé ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì ní Dallas. Ó tì í, ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá gbogbo ilẹ̀kùn tì dáadáa, ó sì lọ tò sẹ́yìn àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì Houston.