Bí Mo Ṣe Ra Egungun Kẹ̀kẹ́ Lọ́wọ́ Ẹni Tí Mo Pè Ní Olè

Irun ọmọ mi ni mo ń dì lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé. Mo ti di apá òsì tán, apá ọ̀tún ṣì dúró gangan bí koríko, ọmọ sì ti sùn lọ lórí itan mi, ni fóònù mi bá dún. Kóòṣì wa ni, ológun ojú omi kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń kọ́ àwa obìnrin mẹ́jọ ní eré ìje orí kẹ̀kẹ́ ológeere láràárọ̀ Sátidé, láti ẹ̀gbẹ́ Navy Town títí dé Okokomaiko. Ó ní, "Ìyá ọmọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i la máa yan àwọn tó máa ṣojú wa níbi ìdíje. Kẹ̀kẹ́ onírin tìẹ yẹn, má gbé e wá o. Lọ wá férémù àlùmíníọ́mù. Tó ò bá rí i, jókòó sílé." Ó pa fóònù. Mi ò rántí bí mo ṣe parí irun náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́jọ́ kejì, tíṣà ọmọ mi bi í bóyá èèyàn méjì ló di orí fún un.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀, férémù ni egungun kẹ̀kẹ́. Òun la ń to táyà, ṣéènì, ìjókòó àti gbogbo ìyókù sí. Ti irin wúwo. Bí mo bá gbé tèmi gun bíríìjì, ńṣe ló máa ń ṣe mí bíi pé mo pọn àgbàlagbà sẹ́yìn. Ti àlùmíníọ́mù fúyẹ́, ṣùgbọ́n tuntun rẹ̀ kọjá agbára mi, tòkunbọ̀ nìkan lọ́wọ́ mi lè tó, ẹyọ kan ṣoṣo náà sì ni. Bí mo bá lọ ra èyí tí kò dáa, ìdíje ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Bó bá sì kán mọ́ mi lábẹ́ lójú títì Àgbádárìgì, níbi tí tírélà ti ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, ta ni yóò lọ mú ọmọ mi nílé ìwé? Òkè Ọya ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la ń rí i.

Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Èmi kì í ṣe àgbà, ṣùgbọ́n mo ti ń mu oògùn náà ní ìmukúmu. Bílẹ́ńdà kan tí mo rà ní Ìyànà Ìbà ló fà á. Nígbà tí mo tú páálí rẹ̀ nílé, òkúta àti àkísà ni mo bá nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnìkan bá kí mi pé ẹ káàárọ̀, màá kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run bóyá àárọ̀ ni lóòótọ́.

Ọ̀dọ̀ bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ mi ṣe ní Ìbà ni mo kọ́kọ́ lọ. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń bá mi dí táyà tó jò, "ọmọ mi" ló sì máa ń pè mí. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, ó gbé férémù kan jáde. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó burẹ́wà! Ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó bí ògiri ilé àtijọ́, àpá wà lára rẹ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún.

"Ọmọ mi, má wo ojú ẹ̀," ni bàbá wí. "Ara ẹ̀ le."

"Bàbá, ta ló ni ín?"

"Ẹnìkan ló ni ín."

"Ta ni ẹnìkan ọ̀hún?"

"Ẹnìkan náà ṣáà ni."

Ìdáhùn yìí ló tanná ran ìfura mi. Bí mo ṣe ń lọ, obìnrin tó ń ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rọra sọ fún mi pé, "Àna bàbá ló ni ín o." Háà! Mo ti rí òkodoro. Mo délé, mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí fóònù, mo sì bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́: bàbá olè, bàbá ọ̀dàlẹ̀, tó fẹ́ fi ẹ̀yìn mi pọn àna rẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ náà títí ìrẹsì fi jóná. Mi ò ní ẹ̀rí kankan ju pé àna ènìyàn ló ni nǹkan lọ.

Mo bá gba Okokomaiko lọ, sí ṣọ́ọ̀bù kan tó ní gíláàsì níwájú. Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ ń ta sánsán, ó fún mi ní omi tútù, ó pè mí ní àǹtí rẹ̀. Ó gbé férémù pupa kan sílẹ̀ tó ń dán yinrin. Ó mú òòfà kékeré kan, irú èyí tó ń wà nínú súpíkà, ó fi kàn án, òòfà já bọ́ sílẹ̀. "Ẹ rí i bí? Kì í ṣe irin. Ojúlówó àlùmíníọ́mù!" Mo ya ẹsẹ̀ dúró lé e lórí, ó bá gígùn ẹsẹ̀ mi mu bí aṣọ tí wọ́n rán mọ́ mi lára. Ọwọ́ mi ti wà nínú báàgì.

Ṣùgbọ́n ìkòkò àlùmíníọ́mù ni ìyá mi fi tọ́ mi dàgbà. Ní Okokomaiko yìí náà ló ti tà á, kò sì sí oníbàárà rẹ̀ kan tó ń ra ìkòkò láìkọ́kọ́ fi ìka kàn án gbọ́ ohùn rẹ̀, kó mọ̀ bóyá ó ti sán tí wọ́n sì dí i lójú. Ọwọ́ mi ò tilẹ̀ dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Mo ká ìka, mo fi kan férémù náà. Gbáan. Mo sún sókè. Gbáan. Mo kan ọrùn rẹ̀ tí wọ́n lẹ sítíkà yí ká, níbi tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti ń wọlé. Pó.

Mo tún un kàn. Pó.

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ṣé ọbẹ̀ lẹ fẹ́ sè ni? Férémù là ń tà níbí o, a ò ta ìkòkò!" Àwọn oníbàárà méjì tó wà níbẹ̀ bá a rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n ká sítíkà ọrùn ẹ̀ yìí wò."

Ẹ̀rín tán. "Tẹ́ ẹ bá ká a, ẹ ti rà á nìyẹn."

Mo ti fi èékánná ká etí rẹ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀. Pọ́tì funfun, èyí tí àwọn panẹ́bítà fi ń dí ara mọ́tò tó fọ́, ló ń dà sílẹ̀ bí ẹ̀lùbọ́. Lábẹ́ rẹ̀, ojú sísán kan tó tín-ín-rín bí irun yí ọrùn náà po. Ọkùnrin náà já a gbà lọ́wọ́ mi. "Ìwọ náà tó o bá ti òkè òkun rin ìrìn àjò débí, o ò ní lápá lára?" Àǹtí ti lọ, "ẹ" ti di "o". Mo gbé báàgì mi, mo kọrí sí ibùdókọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo mú ọmọ mi nílé ìwé, a gba Ìbà lọ. Kì í ṣe pé mo ti wá gba bàbá gbọ́ o. Ibòmíràn ni mi ò ní. Mo ní, "Bàbá, ṣé àna yín ló ni férémù yẹn?"

"Àna mi ni."

"Ẹ sì ní ẹnìkan ni."

"Ṣé àna mi kì í ṣe èèyàn ni? Ó sì máa fún mi ní nǹkan lórí ẹ̀. Ṣé ọ̀fẹ́ ni mo jókòó sábẹ́ oòrùn yìí fún?"

Mo kúnlẹ̀, mo kan férémù náà láti ọrùn dé ìdí. Bàbá ò bínú. Òun gan-an ló ń yí i fún mi kí n lè kàn án yíká, ó sì fi ibi tí jíà ń so mọ́ hàn mí pé kò wọ́. Ohùn kan náà ló ń dún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Inú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀ ni ọmọ mi yọ súwíìtì lẹ́nu.

"Mummy, ṣé Bàbá Olè nìyí?"

Obìnrin oníkáàdì wúkọ́. Mo wá ilẹ̀ tí màá wọ̀, ilẹ̀ ò lanu. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ. "Èmi nìyí. Ta ló sọ fún ẹ?" Ọmọ fi súwíìtì tọ́ka sí mi. Bàbá wò mí pẹ́, ó dìde. "Ó dáa. Olè máa to kẹ̀kẹ́ màmá ẹ kó tó di ọ̀la." Kò rẹ́rìn-ín.

Mo sanwó, ó tò ó, ó sì tò ó dáadáa. Èèyàn mẹ́rin ni kóòṣì mú, èmi ni ìkẹrin. Títí di òní, lórí férémù oníyánpọnyánrin yìí ni mo ń sáré, kò já mi kulẹ̀ rí. Bàbá ti dárí jì mí, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń dí táyà mi bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n Màdáámù ló ń pè mí báyìí. Mo ti dúró pẹ́ pé bóyá lọ́jọ́ kan yóò gbàgbé, kó tún pè mí ní ọmọ mi. Kò tíì gbàgbé. Ìfura gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin olóòórùn dídùn, mi ò lè bú u. Ẹnu mi ni mi ò kó níjàánu.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ olè yẹn jáde, bí a ṣe ń rìn lọ sílé, ọmọ mi bi mí bóyá olè ni bàbá yẹn tàbí wọn kì í ṣe olè. Ó ti wà lẹ́nu mi láti bá a wí pé ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Mo rí i pé omi ti lé sójú rẹ̀, mi ò lè sọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà, mo ní, "Wọn kì í ṣe olè. Èmi ni mo sọ ohun tí mi ò mọ̀. Ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀, má sunkún. Lọ́la, a máa jọ padà lọ bá wọn, èmi ni màá sì kọ́kọ́ kúnlẹ̀."