Olùkọ́ Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Kò Fẹ́ Dá

Nígbà tí Jàmíù Àkànbí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fídíò, ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ ti sú u. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú ló ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ọ̀fà, nípa bí nǹkan ṣe ń dúró tí kì í fi ṣubú. Ọ̀sán ni wọ́n máa ń fi iṣẹ́ tirẹ̀ sí. Páànù òrùlé á gbóná, fáànù ò ní yí, àwọn ọmọ á gbórí lé tábìlì, òun á sì máa bá pátákó sọ̀rọ̀. Bó bá yíjú padà, àwọn tí kò sùn ń tẹ fóònù.

Lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ wọn ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò lọ́dún méjì léra wọn, ọ̀gá ẹ̀ka pè é sí ọ́fíìsì. Kò pariwo. Ó ní bí ti ọdún yìí bá tún rí bẹ́ẹ̀, òun á gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tí ara rẹ̀ ṣì yá gágá, kí Jàmíù wá máa mójú tó yàrá irinṣẹ́. Jàmíù mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: kí èèyàn di kọ́kọ́rọ́ mú, kó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, kó máa retí ìfẹ̀yìntì.

Ó rò ó pé bó bá jẹ́ fóònù ni wọ́n ń wò, inú fóònù ni òun náà á wọ̀ bá wọn. Nínú fídíò àkọ́kọ́, ó wé gèlè ìyàwó rẹ̀, ó ṣe bí ìyá arúgbó tó ń bá oníkẹ̀kẹ́ jà nítorí ẹrù gíga. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, wọ́n fi í ránṣẹ́ síra wọn. Àwọn tí kì í yọjú sí kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i lójú ọ̀nà pé, "Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o." Inú rẹ̀ dùn díẹ̀, ó sì tún rẹ̀ ẹ́ sí i. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ kò dín kù, ẹ̀fẹ̀ ló tún kún un.

Ti ìjàkadì ló gbajúmọ̀ jù. Ìlú tí wọ́n ń kì mọ́ ìjàkadì ni Ọ̀fà. Ta ni kò ní fẹ́ wò ó? Ohun tí Jàmíù pète ni pé òun á dúró ṣánṣán, òun á pa ẹsẹ̀ pọ̀ bí òpó iná. Ọlábámijí, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó sígbọnlẹ̀, á ya ẹsẹ̀, á tẹ ìdí sílẹ̀, á sì dá òun. Gbogbo ẹni tó bá wò ó á rí i pé ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, tí ìwúwo rẹ̀ sì sún mọ́ ilẹ̀, kì í tètè ṣubú.

Nígbà tó di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe é, wọ́n tẹ́ fóòmù sínú wọkísọ́ọ̀bù ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọlábámijí dọ̀bálẹ̀ kí olùkọ́ rẹ̀, ó gbá a mú, ó mì í díẹ̀, ó kérora, òun fúnra rẹ̀ sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Ẹ̀rín sọ. Jàmíù ní kí wọ́n tún un ṣe. Ọmọ náà tún ṣubú. Nígbà tó bi í pé kí ló dé, ó ní, "Sà, ẹ dákun. Ẹ ju bàbá mi lọ. Ibo ni mo fẹ́ gbé ọwọ́ tí mo bá fi dá yín sí lẹ́yìn náà?"

Oòrùn ti mú, ẹ̀yìn ń dun Jàmíù. Ó ní òun á ṣàlàyé rẹ̀ ní kíláàsì, ó sì fi fídíò náà sórí ayélujára bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé lóòótọ́, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, fún àwọn tó ń sùn.

Nínú ìdánwò, ó bi wọ́n pé nínú ọkọ̀ tó há tí wọ́n di ẹrù rẹ̀ ga, àti èyí tó fẹ̀ tí ẹrù rẹ̀ wà nísàlẹ̀, èwo ni kò ní tètè dojú dé ní kọ́nà? Ìwé lórí ìwé, èyí tó ga ni wọ́n mú. Ẹnìkan tiẹ̀ kọ ọ́ pé, "gẹ́gẹ́ bí sà ṣe fi hàn wá." Jàmíù gbé bírò sílẹ̀. Kò bínú. Àwọn yìí ló máa sọ fún awakọ̀ lọ́jọ́ kan bí wọ́n ṣe ń di ẹrù.

Ó bẹ ọ̀gá ẹ̀ka, ìyẹn sì gbà kí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́yìn kíláàsì kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ kíláàsì yẹn, ó kó wọn lọ sí wọkísọ́ọ̀bù, ó ní kí wọ́n ti fóònù bọ àpò. Ó pa ẹsẹ̀ pọ̀, ó pe Ọlábámijí. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, kò sì dìde. Màrdíyyàh, olórí kíláàsì, bá a bẹ̀bẹ̀ pé kí sà jẹ́ kí àwọn fi àpótí ṣe é.

"Àpótí kọ́ lẹ rí nínú fídíò," ni Jàmíù wí. "Èmi lẹ rí. Ara mi ló parọ́ fún yín, ara mi náà ni yóò tún un ṣe. Ọlábámijí, dìde. Bí o bá bọ̀wọ̀ fún mi, dá mi."

Ọmọ náà dìde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ya ẹsẹ̀, ó tẹ ìdí sílẹ̀, ó gbá a mú, ó sì dá a. Kò gba agbára rárá. Jàmíù lọ bí igi tí wọ́n gé nídìí; fóòmù náà kò sì nípọn tó. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Àwọn kan sáré wá gbé e, ó fọwọ́ dá wọn dúró.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ ná. Kí ló dé tí mo ṣubú?"

Màrdíyyàh ló dáhùn, ní ohùn jẹ́jẹ́. "Sà, ẹsẹ̀ yín há. Bó ṣe tì yín, ìwúwo yín yọ kọjá ẹsẹ̀ yín, kò sì sí ohun tó máa gbé e dúró mọ́."

Jàmíù pajú dé. Ó ní kó tún un sọ, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́.

Àwọn tó yege pọ̀ nínú ìdánwò kejì, ọ̀gá ẹ̀ka sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un. Jàmíù dúpẹ́, ó wá béèrè bóyá òun lè rí ọ̀sẹ̀ kan fi sinmi. Ọ̀gá ní kíláàsì tuntun á bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè.