Ohun tí Lásúnkànmí Kò Sọ ní Àgbádárìgì

Ìró tí Lásúnkànmí kọ́kọ́ mọ̀ láyé ni ti okùn tó já. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ń fa omi nínú kànga agboolé wọn ní Makun, ní Ṣàgámù, okùn náà já, ó dún bí ìgbà tí wọ́n fi pàṣán na ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo nǹkan dákẹ́. Kànga wọn jìn débi pé ìyá rẹ̀ ráyè sọ pé, "Ó ti lọ," kí korobá tó kan omi nísàlẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó máa ń sọ pé kì í ṣe ìró korobá ló ba òun lẹ́rù. Ìdákẹ́jẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni, nígbà tí gbogbo wọn mọ ohun tó ń bọ̀, tí kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́.

Atukọ̀ ni ọmọ náà dà. Ó lọ wá iṣẹ́ alágbàrù ní Àpápá ní 1952, wọ́n ní kó wá máa ká okùn nínú ọkọ̀ kan tó ń lọ sí ìlú òyìnbó, ó sì lo ọgbọ̀n ọdún lójú òkun. Ibẹ̀ ló ti rí ọ̀rẹ́ méjì. Ọláníyọnu, ọmọ Àgbádárìgì, ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ okùn. Ebenezer ló ń se oúnjẹ fún wọn. "Kànga" ni àwọn méjèèjì ń pe Lásúnkànmí. Ọláníyọnu ló fún un lórúkọ yẹn. Ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, ẹni tó jẹ́ pé inú ihò ló ti kọ́kọ́ rí omi, tó tún ní òun fẹ́ gun òkun.

Ní oṣù kejì ọdún 1996, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, Ọláníyọnu ránṣẹ́ sí i ní Makun. Ó ní òun ti ra ọkọ̀ onípákó kan tó ní ẹ́ńjìnnì, òun fẹ́ máa fi pẹja lójú òkun. Kó wá wò ó kí òun tó gbé e jáde.

Ó wọ mọ́tò ní Ṣàgámù ní àárọ̀ Ọjọ́rú. Wọ́n kọjá Likosi, wọ́n dé Ògíjó, èéfín iléeṣẹ́ bo oòrùn lójú débi pé awakọ̀ tan iná. Obìnrin tó jókòó tì í fi ìborùn bo imú. "Bí ilé ayé ṣe máa rí lọ́jọ́ ìkẹyìn nìyí," obìnrin náà sọ.

Ṣùgbọ́n oòrùn ń ràn yòò ní Àgbádárìgì. Omi ọ̀sà funfun bí àwo, òjìji igi àgbọn sì dúdú lórí iyanrìn. Abẹ́ ọ̀kan nínú àwọn igi náà ni Ebenezer jókòó sí. Ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀dọ̀ Ọláníyọnu ló sì ń gbé.

"Ta ló ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ yẹn?"

"Kànga ni."

"Irọ́ ni. Kànga kì í rìn."

Ọláníyọnu jáde láti inú ilé, ó di mọ́ ọn, ó wá fi ọwọ́ wọn ikùn rẹ̀. "Ẹ wo bó ṣe sanra. Ṣé ìkọ́kọrẹ́ nìkan ni wọ́n ń jẹ ní Rẹ́mọ ni?"

"Ìwọ tó ń jẹ ẹja lójoojúmọ́ ńkọ́, ṣé egungun rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fún ọ ni?"

Ebenezer rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n sọ̀rọ̀ Liverpool àti òtútù rẹ̀, wọ́n sì sùn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí Lásúnkànmí ti ń bọ́jú lẹ́yìn ilé, Àtinúkẹ́, ìyàwó Ọláníyọnu, wá bá a. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá Olúrántí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọkọ̀ yẹn dáadáa. Ẹni tó tà á kò dúró jẹun. Mo gbé oúnjẹ fún un, ó ní òun ń kánjú. Ẹni tó ta ohun tó dára máa ń dúró jẹun."

"Ṣé o ti sọ ọ́ fún ọkọ rẹ?"

"Mo sọ ọ́. Ó ní kí ni mo mọ̀ nípa pákó. Ẹ̀yin nìkan ló máa gbọ́ tiyín. Tí ẹ bá ti ní kò dára, kò ní gbé e jáde. Ọ̀túnla ló fẹ́ lọ."

"Tí kò bá dára, màá sọ ọ́ lójú rẹ̀," ni Lásúnkànmí wí.

Àtinúkẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́, bí ẹni pé wọ́n ti bá a ṣe é tán.

Èèwọ̀ kan wà láàárín àwọn atukọ̀ ayé ìgbà tiwọn. Bí oúnjẹ bá ti wọ inú ọkọ̀, ẹnu ti di. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ àléébù ọkọ̀ náà mọ́, kò sì gbọ́dọ̀ dárúkọ rírì; kí oúnjẹ tó wọ ọkọ̀ ni wọ́n ń sọ irú ẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Olúdọ̀tun fi èèwọ̀ yìí ṣe ẹlẹ́yà ní 1961. Ó tẹ ìrẹsì tí wọ́n ń kó wọlé mọ́lẹ̀, ó ní, "Ọkọ̀ yìí ti gbó, yóò pa ẹnìkan." Lọ́jọ́ kẹsàn-án, òun fúnra rẹ̀ ni omi gbé lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà níbẹ̀. Láti ìgbà náà, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré, kódà lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Nígbà tí oòrùn ga, Ọláníyọnu kó wọn kọjá ọ̀sà lọ sí etíkun. Lásúnkànmí di Ebenezer lọ́wọ́ mú. Bí wọ́n ṣe ń rìn lọ, ó ń to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ lọ́kàn, pé bí òun bá rí àléébù, òun kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ náà wà lórí iyanrìn, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà búlúù àti funfun, ó ń dán. Nígbà tó yọjú wo inú rẹ̀, ó rí àpò gàrí kan, ìdì ẹja gbígbẹ àti kẹ́ẹ̀gì omi méjì.

"Oúnjẹ ti wọlé," Ọláníyọnu wí tẹ̀ríntẹ̀rín. "Àná ni mo kó o, kí ẹ má baà ní mo ń ṣeré."

Ebenezer jọ̀wọ́ ọwọ́ Lásúnkànmí.

Lásúnkànmí rìn yí ọkọ̀ náà ká. Níwájú, nísàlẹ̀ ibi tí omi yóò ti máa gbá a, ó fi àtàǹpàkò tẹ pákó. Ọ̀dà náà fọ́, ìka rẹ̀ sì wọ inú pákó bí ìgbà téèyàn tẹ iṣu sísè. Ó yọ ọ́. Omi dúdú díẹ̀ tẹ̀ lé e jáde. Ebenezer fi ọwọ́ tọ ara ọkọ̀ wá síbẹ̀, ó tẹ ibì kan náà, ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò.

"Báwo ló ṣe rí?" Ọláníyọnu bèèrè.

Lásúnkànmí wo àpò gàrí náà.

"Wọ́n kùn ún dáadáa," ó wí.

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, ó gbìyànjú láti gba ọ̀nà mìíràn. "Tẹ̀ lé mi lọ sí Makun lọ́la. Okùn kànga mi ti gbó. Mo fẹ́ so tuntun mọ́ ọn, o sì mọ̀ pé iṣẹ́ ẹni méjì ni."

"Ṣé o fẹ́ fi mí sínú kànga ni?"

"Ọ̀sẹ̀ kan péré."

"Jẹ́ kí n lọ kí n bọ̀. Tí mo bá dé, màá wá bá ọ so ó."

Ní ọjọ́ Ẹtì, Àtinúkẹ́ di àgbọn mẹ́rin sínú àpò fún un. Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ ti wò ó, Bàbá?"

"Mo ti wò ó."

"Ṣé kò séwu?"

Oúnjẹ wà nínú ọkọ̀. "Ọlọ́run á máa bá a lọ," ni Lásúnkànmí wí. Ojú obìnrin náà sì tú ká, ó tún kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Ọjọ́ kọkànlá tó padà délé ni awakọ̀ kan mú lẹ́tà wá sí Makun. Ebenezer ló ní kí ẹnìkan bá òun kọ ọ́, kò gùn. Àwọn Ègùn méjì tó bá Ọláníyọnu lọ ti lúwẹ̀ẹ́ jáde. Wọ́n rí pákó aláwọ̀ búlúù kan létí òkun. Ọláníyọnu kò tíì dé. "Àtinúkẹ́ bi mí bóyá o sọ ọ́ fún ọkọ òun," bẹ́ẹ̀ ni ó parí. "Mo ní mi ò mọ̀. Èmi náà tẹ ibẹ̀, Kànga."

Lásúnkànmí ká lẹ́tà náà sápò. Àwọn ará ilé ní kò jẹ àgbọn kankan nínú mẹ́rin yẹn, ó sì kọ̀ kí ẹnikẹ́ni fọ́ wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé okùn tuntun jáde síbi kànga. Ó tú ẹnu rẹ̀ sí ẹ̀ka mẹ́ta, ó tú ẹnu ti àtijọ́ náà sí mẹ́ta. Ọmọ rẹ̀, Olúrántí, wá bi í bóyá kí òun bá a dì í mú. Ó ní kó padà sílé. Ó so ìdí okùn kan mọ́ igi ọsàn, ó fi ẹsẹ̀ tẹ èkejì mọ́lẹ̀, ó ń ki ẹ̀ka kan bọ abẹ́ èkejì, ó sì ń fi eyín fà á le níbi tó yẹ kí ọwọ́ ẹlòmíràn wà. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó dán an wò tí kò yẹ̀, ó gé ìpẹ̀kun àwọn ẹ̀ka tó yọ síta, ó so korobá mọ́ ọn, ó sọ ọ́ sísàlẹ̀, ó sì dúró títí ó fi dún. Lẹ́yìn náà, ó fà á sókè, ó da omi sínú ìkòkò, ó ká okùn náà róbótó bí wọ́n ṣe ń ká a nínú ọkọ̀, ó gbé e kọ́.