Omi Gbígbóná àti Omi Ọmú

Ọyẹ́ Kánò kì í bá èèyàn ṣeré. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo bí àkọ́bí mi nílé wa ní Sabon Gari, bí ọdún 1980 ṣe ń kan ilẹ̀kùn, ìyá ọkọ mi ti gbé ìkòkò ńlá ka iná kí ọmọ tó ké. Ó ti pẹ́ ní Kánò, ó sì ti kọ́ ìwẹ̀ abiyamọ lọ́dọ̀ àwọn Hausa: omi tó ń hó yaya, ewé dongoyárò nínú rẹ̀, tí wọ́n á máa fi ẹ̀ka igi ta sí èèyàn lára. Mo bẹ̀rù omi yẹn ju ìrọbí lọ.

Nọ́ọ̀sì kan láti Railway Quarters ló gbẹ̀bí mi. Ibi ọmọ bọ́. Ìyá ọkọ mi wé ọmọbìnrin náà, ó gbé e mọ́ra. Ó ní omi ọmú àkọ́kọ́ kò dára, àfi tó bá funfun kí n tó fún un lọ́mú.

Ìgbà náà ni aṣọ tí mo dùbúlẹ̀ lé tutù rinrin. Ẹ̀jẹ̀ ni, kò sì dá. Nọ́ọ̀sì ń fọwọ́ ra mí nísàlẹ̀ ikùn, ọkọ mi sáré lọ wá mọ́tò ní Ibo Road. Ojú mi ń ṣú. Mo mọ̀ pé mo ń kú lọ, inú sì bí mi pé n ò tíì rí ojú ọmọ mi dáadáa.

Ìyá ọkọ mi ní, "Ẹ jẹ́ kí n yára fomi gbígbóná wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ burúkú ló ń jáde."

Nọ́ọ̀sì ké, "Mama, rárá o! Omi gbígbóná á tún mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀ sí i. Ẹ gbọ́mọ fún un, kó mu ọmú!"

"Haba, nọ́ọ̀sì! Omi ọmú yẹn náà?"

"Mama, abẹ́ẹ̀gì! Ṣé ẹ fẹ́ kí ìyàwó yín kú ni?"

Ìyá ọkọ mi gbé ọmọ náà fún mi. Ọmọ tí kò tíì lajú, ó wá ọmú rí, ó ń fà á tagbáratagbára. Inú mi fún pọ̀ lójijì, bí ẹni fa okùn ẹnu àpò. Mo kígbe. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín.

Ó ní bí ọmọ bá ń fa ọmú, ọpọlọ á tú ohun kan sínú ẹ̀jẹ̀. Ohun náà á lọ jíṣẹ́ fún ilé ọmọ pé kó fún pọ̀, ilé ọmọ á sì fún àwọn iṣan tó ń da ẹ̀jẹ̀ pa. Ẹnu yà mí. Èmi tí mo ń pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé, n ò mọ̀ pé irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń rìn nínú mi. Ta ló kọ́ ọmọ náà? Ọlọ́run tóbi.

Ẹ̀jẹ̀ fà sẹ́yìn, ó dá. Ìyá ọkọ mi, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń kúnlẹ̀ kí, sún mọ́ wa. Ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí kò tíì lórúkọ.

"Ẹ ṣé o, ìyá mi."

Ọmọ náà kò tiẹ̀ wojú rẹ̀. Ó ń mu ọmú lọ ní tirẹ̀.